Níbo Ni Iṣẹ́ Náà Ti Dúró?

    

Ìyàwó kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ìyàwó inú àpèjúwe ni. Ẹ má wá a kiri abúlé. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yìn Ìyànà Ọ̀fà ni abúlé rẹ̀ wà. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló bí àkọ́bí rẹ̀ nílé ìyá àgbẹ̀bí. Ọmọ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Òòyì ń kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi amù, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ Micra tó gbé e dé Ìwó Ròòdù, ká má tíì sọ pé ó dé ọsibítù. Ó yè, a dúpẹ́. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ṣùgbọ́n omi ọyàn kò wá. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n fún un ní àgbo, pàbó ló já sí. Nǹkan oṣù rẹ̀ náà kò padà. Òtútù ń mú un nínú oòrùn oṣù kẹta. Bó bá ru koríko ewúrẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Irun abíyá rẹ̀ re, kò sì hù padà. Ọmọ ti ń lọ síléèwé báyìí, kò sí àbúrò lẹ́yìn rẹ̀. Abúlé sì ti rí àlàyé tirẹ̀ ṣe: wọ́n ní ẹnìkan ló so ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ.

Ẹ gbọ́ o. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, àìrí omi ọyàn, nǹkan oṣù tó dúró, òtútù, àárẹ̀, irun tó re, àìsàn kan ṣoṣo ló lè kó gbogbo wọn wá. Dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Harold Sheehan, tó ń yẹ òkú àwọn abiyamọ wò ní ìlú Glasgow, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1937. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Ẹ má sì pè é ní àìsàn òyìnbó. Nílẹ̀ òyìnbó ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an, nítorí pé wọ́n tètè ń dá ẹ̀jẹ̀ abiyamọ dúró. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ya kí ìrànlọ́wọ́ tó dé ló kù tó ń gbé.

Kí ni ẹ̀jẹ̀ ìbímọ wá ní í ṣe pẹ̀lú nǹkan oṣù lẹ́yìn ọdún mẹ́rin? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ fà mọ́ rédíò.

Lábẹ́ ọpọlọ wa, lẹ́yìn ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Pituitary ni àwọn dókítà ń pè é. Bó ti kéré tó yẹn, agbára rẹ̀ pọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti Ìbàdàn dé abúlé. Olúbàdàn kì í wá dúró ní ìkòríta oko wa kó máa pàṣẹ. Iṣẹ́ ló ń rán sí baálẹ̀. Baálẹ̀ ló ń ní kí wọ́n lu agogo, àwọn ará oko á sì gbé àdá jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú ara. Apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus ló wà nípò ọba. Ó ń rán iṣẹ́ sí pituitary, tó wà nípò baálẹ̀. Pituitary náà á wá lu agogo tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé ohùn náà lọ sóko.

Oko mélòó? Ilé ẹyin obìnrin jẹ́ ọ̀kan. Kórópọ̀n ọkùnrin jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀yà ara tó wà lọ́rùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó lé orí kíndìnrín jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ohùn tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá yìí, àwọn ìránṣẹ́ yìí, ni à ń pè ní họ́mọ̀nù.

Oko náà kì í sì í gbọ́ iṣẹ́ kó dákẹ́. Bí ilé ẹyin bá ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń rán họ́mọ̀nù tirẹ̀ padà sókè pé, "A ti gbọ́ o." Baálẹ̀ á wá rọra máa lu agogo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oko bá dákẹ́, baálẹ̀ ò ní yé lu agogo. Ṣe ni yóò máa lù ú kíkankíkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ àyẹ̀wò tí a fẹ́ sọ.

Nígbà tí obìnrin bá lóyún, pituitary rẹ̀ máa ń wú, torí ó ń gbára dì fún omi ọyàn. Bó bá ti wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń fẹ́ á pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Bí abiyamọ bá wá sun ẹ̀jẹ̀ ní àsunjù, tí ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, ibẹ̀ ni ebi ẹ̀jẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ pani. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n baálẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó túfọ̀ rẹ̀.

Ó dáa. Nǹkan oṣù dúró, ọmọ ò wá. Ṣé ọba ni kò ránṣẹ́ ni? Ṣé baálẹ̀ ni kò jẹ́ iṣẹ́? Àbí oko ló ti ṣá? Ojú lásán kò lè sọ ọ́. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Obìnrin mẹ́ta lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́sibítù, kí nǹkan oṣù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró, kó sì jẹ́ pé ibi tí iṣẹ́ ti dúró lára ọ̀kan kọ́ ló ti dúró lára èkejì. Oògùn tó gba ọ̀kan kò ní ta irun kan lára èkejì. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi wà.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò le. Ẹ̀jẹ̀ lásán ni, wọ́n á fi wo bí agogo baálẹ̀ ṣe ń dún sí àti bí oko ṣe ń dáhùn. Ìránṣẹ́ méjì ni pituitary ń rán sí ilé ẹyin àti sí kórópọ̀n: wọ́n ń pe ọ̀kan ní FSH, wọ́n ń pe èkejì ní LH. Bí méjèèjì bá ròkè tí oko kò dáhùn, a mọ̀ pé baálẹ̀ ń pariwo, oko ló níṣòro. Bí oko bá dákẹ́ tí FSH àti LH náà sì wà nílẹ̀, òkè ni ìjàngbọ̀n wà.

Ṣùgbọ́n òkè wo? Ọba ni tàbí baálẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í lè sọ èyí. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀: pituitary kì í tú LH sílẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó ń dà ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀. Ó ń lu agogo, ó dákẹ́, bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀, ó tún lù ú. Ẹni tó bá débẹ̀ láàárín ìlù méjì lè rò pé agogo ti fọ́.

Nígbà náà ni dókítà á sọ pé: ẹ jẹ́ ká jẹ́ iṣẹ́ ọba fún baálẹ̀ fúnra wa, ká wò ó bóyá yóò dìde. Àyẹ̀wò ìtanijí nìyẹn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ oníke kan sí iṣan ọwọ́ yín kí wọ́n má baà máa gún yín léraléra. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún yín ní họ́mọ̀nù tí ọba ń rán sí baálẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní GnRH. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 100: bí ẹ bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà 10,000, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni. Ẹ ó jókòó. Ní ìṣẹ́jú 30, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 60, wọ́n á tún fà á. Bí LH bá fò sókè, baálẹ̀ wà láàyè, iṣẹ́ ọba ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá mira rárá, ọwọ́ wa ti ń sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Mo ní ọwọ́ wa ń sún mọ́ ọn, n kò ní a ti mú un. Baálẹ̀ tí wọn kò ránṣẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti sùn lọ fọnfọn. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n kan ilẹ̀kùn lè má jí i. Nígbà mìíràn ó di dandan kí wọ́n rán iṣẹ́ náà sí i lójoojúmọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó tún àyẹ̀wò ṣe. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ka èsì yìí. Kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń gbà ní láàbù kó máa tú u fúnra rẹ̀.

Kí n tún sọ òótọ́ kan: èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọmọ kò nílò abẹ́rẹ́ ìtanijí yìí. Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti tó láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti wúlò jù ni lára ọmọ tó ń bàlágà ṣáájú ọjọ́, bí ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tó ti ń yọ ọmú, tàbí ọ̀dọ́ tó kọ̀ tí kò bàlágà. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n á pé ọdún 18 tí ohùn wọn kò kẹ̀, tí irùngbọ̀n kò hù, tí wọn kì í sì í gbọ́ òórùn irú kódà kí ẹ gbé e síwájú wọn. Àìgbóòórùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Àwọn iṣan ọpọlọ tó ń gbé òórùn àti àwọn tó ń rán iṣẹ́ ọba, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá nígbà tí ọmọ wà nínú ikùn. Bí ọ̀kan bá kọsẹ̀ lọ́nà, èkejì lè má débẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe akúra. Abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù lè sọ ọ́ di ọkùnrin tó ń bímọ.

Ẹ lè béèrè pé báwo ni ayé ṣe mọ iṣẹ́ tí ọba ń rán. Kò pẹ́ púpọ̀. Dókítà méjì tó ń bára wọn du nǹkan náà ní Amẹ́ríkà, Roger Guillemin àti Andrew Schally, ló wá a jáde. Guillemin ń lo ọpọlọ àgùntàn, Schally ń lo ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì ń kó o ní àkójọ tí a kò lè fẹnu sọ láti ilé ìpẹran, kí wọ́n tó rí ohun tó tó fi wé orí abẹ́rẹ́. Ọdún 1971 ni wọ́n mọ bí GnRH ṣe rí. Obìnrin kan, Rosalyn Yalow, pẹ̀lú Solomon Berson tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ti kọ́ ayé bí a ṣe ń wọn họ́mọ̀nù tó kéré jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1977, wọ́n fún Guillemin, Schally àti Yalow ní ẹ̀bùn Nobel. Berson ti kú nígbà náà.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa náà kò gbẹ́yìn nínú ìtàn yìí. Ẹ mọ Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, ìlú àwọn ìbejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n P.P.S. Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí ìbejì níbẹ̀, ó sì rí i pé ìbejì tí wọ́n ń bí lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000, èyí tó ju ti Yúróòpù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Ó fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá. Àwọn tó ti bí ìbejì, FSH wọn ga ju ti àwọn tó ń bí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn kan ń sọ pé ọbẹ̀ ilasa ni, àwọn kan ní iṣu ni. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi hàn ni pé agogo baálẹ̀ ń dún kíkan lára àwọn ìyá ìbejì ju lára àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ FSH sínú ìwé fún yín ní láàbù, ẹ má ṣe rò pé ohun àjèjì ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ìbejì Yorùbá ni wọ́n ti kọ́ nǹkan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyàwó wa. Ti pé ó ń wá ọmọ nìkan kọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀. Baálẹ̀ tó kú kì í ránṣẹ́ sí oko kankan mọ́, kódà sí àwọn ẹ̀yà tó wà lórí kíndìnrín. Àwọn yẹn ló ń pèsè cortisol, họ́mọ̀nù tó ń gbé wa ró nígbà àìsàn. Ẹni tí kò bá ní i, ibà lásán lè gbé e ṣubú, kí wọ́n má sì mọ ohun tó pa á. Nítorí náà, àyẹ̀wò ìtanijí méjì mìíràn wà fún un.

Nínú èkíní, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ Synacthen, máíkírógíráàmù 250, tó ń fara wé ohùn baálẹ̀ sí oko orí kíndìnrín. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, wọ́n á fà á ní ìṣẹ́jú 30, wọ́n á fà á ní ìṣẹ́jú 60. Bí oko ti pẹ́ tí kò gbọ́ agogo, á ti rọ, kò ní lè dáhùn dáadáa.

Èkejì ló le. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì títí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ ju 2.2 mmol/L lọ. Á làágùn, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Èéṣe? Ẹ fi wé ẹni tó figbe ta "Olè! Olè!" lóru láti mọ̀ bóyá àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò jí. Bí ṣúgà bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, pituitary tó bá ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fò dìde, kó tú họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè síta, kó sì ránṣẹ́ pe cortisol. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde, a ti mọ̀ pé kò sí ọdẹ. Ọsibítù ńlá nìkan ni wọ́n ti ń ṣe èyí, pẹ̀lú dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ṣúgà nítòsí. Wọn kì í ṣe é fún ẹni tó ní wárápá tàbí àìsàn ọkàn.

Bí wọ́n bá wá rí i pé baálẹ̀ ti kú ńkọ́? Kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Họ́mọ̀nù tí ara kò rí pèsè mọ́, oníṣègùn á máa fún un. Cortisol ló máa ń ṣáájú, kí wọ́n tó fi ti ọrùn tẹ̀ lé e, torí bí wọ́n bá yí i padà, ó lè di ewu. Bó bá fẹ́ bímọ, abẹ́rẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ FSH àti LH wà tí wọ́n lè fi jí ilé ẹyin, torí oko náà kò kú; ẹni tó ń pè é ló kú.

Àwọn obìnrin mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yí sódì: wọn kò lóyún, wọn kò tọ́mọ, omi ọyàn ń jáde, nǹkan oṣù dúró. Prolactin, họ́mọ̀nù omi ọyàn, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kì í ṣe ọmọ àìrí kan ló ń mu ún lóru. Oògùn tí èèyàn ń lò lè fà á, bí oògùn èébì kan, oògùn àìsàn ọpọlọ, tàbí methyldopa tí wọ́n ń fún aláboyún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sì lè jẹ́ kókó kékeré kan ló hù sí pituitary. Oògùn oníhóró ló ń wo ọ̀pọ̀ nínú irú èyí sàn. Ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ bá wà níbẹ̀, tí ẹ kò sì rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, tí ẹ ń forí gbá férémù ilẹ̀kùn, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà, torí ó lè gba iṣẹ́ abẹ. Láti ọdún 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odẹ́kù ti dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní ọsibítù UCH ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tíì pa rédíò. Iṣẹ́ ọba àti ti baálẹ̀ kan yín gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó ṣe ségede nígbà tó ti bàlágà, tí kórópọ̀n rẹ̀ wú, oko rẹ̀ lè ti bàjẹ́ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ testosterone kó lè lágbára, ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́: baálẹ̀ á rò pé oko ti kún, kò ní lu agogo mọ́, àtọ̀ á sì gbẹ. Agbára lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ wà nínú àtọ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò sì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ẹ yàgò fún ìyàwó fún ọjọ́ méjì sí méje, ẹ gba àtọ̀ sínú ike tí láàbù fún yín, kó dé ọwọ́ wọn láàárín wákàtí kan. Ó pọn dandan kí ọkùnrin ṣe èyí kí wọ́n tó máa ta ìyàwó rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kankan. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ti ná owó gàrí ọdún mẹ́ta lórí ara rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkọ ni iṣẹ́ ti dúró.

Báwo ni ẹ ṣe máa múra? Ẹ fi àmì sí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù bá ti yọ. Ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni wọ́n máa ń fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ fún FSH àti LH. Èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹyin jáde, ọjọ́ méje ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fà á. Fún ẹni tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 28, ọjọ́ kọkànlélógún nìyẹn. Èyí tí ẹ bá fà lọ́jọ́ tí kò yẹ, owó yín ló ṣòfò. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, ẹ má tíì jẹun bí wọ́n bá sọ fún yín bẹ́ẹ̀. Ẹ má sáré láti orí ọ̀kadà wọ inú láàbù. Ẹ jókòó díẹ̀ kí ara balẹ̀, torí ìpayà nìkan lè gbé prolactin ga.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tí ẹ gbà lọ́dún tó kọjá, ẹ sọ ọ́. Àgbo tí ẹ ń mu, ẹ sọ ọ́. Ìpara tí ẹ fi ń bó ara àti oògùn dexamethasone tí wọ́n ń tà fún yín kí ẹ lè sanra, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́, torí wọ́n lè mú kí baálẹ̀ sùn lọ tí àyẹ̀wò á fi rí bí ẹni pé ó kú. Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù dá a dúró lójijì; dókítà ló ń kọ́ni bí a ṣe ń jáwọ́ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oògùn Clomid tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ní ìyànà, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọpọlọ ni òun náà ń bá sọ̀rọ̀ kí baálẹ̀ lè lu agogo. Bí baálẹ̀ bá ti kú, ta ló fẹ́ jẹ́ ẹ?

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé fún yín. Ìwé náà ló máa gbé yín dé ọsibítù Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, tàbí UCH tí wọ́n ti ṣí láti ọdún 1957. Àyẹ̀wò ìtanijí kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ àti iye owó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ má baà wọ Micra láti Akánrán tàbí Mọ́níyà lọ lásán.

Ó ku ohun kan tó ṣe kókó ju gbogbo àyẹ̀wò lọ: ká má jẹ́ kí baálẹ̀ kú rárá. Ọ̀rá omi pure water kan jẹ́ 50cl. Bí ẹ̀jẹ̀ abiyamọ bá ti tó ìwọ̀n yẹn tó sì ń bọ̀, ó ti kọjá ohun tí à ń wò níran. Lọ́dún 2023, èsì ìwádìí kan jáde láti bíi ọsibítù 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ abiyamọ, kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbàrà tó bá ti pọ̀, wọ́n á ṣe gbogbo ìtọ́jú papọ̀: wọ́n á fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní oògùn, wọ́n á fi omi sí i lára, wọ́n á yẹ ojú ara wò. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn di ńlá dín kù ní ìpín 60 nínú 100. Ẹ̀yin ìyá àgbẹ̀bí, mo bẹ̀ yín, ọwọ́ yín ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ wa. Aṣọ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ pamọ́, kì í jẹ́ ká mọ iye rẹ̀. Ẹ má dúró de aṣọ kẹta.

Àjọ ìlera àgbáyé sọ lọ́dún 2023 pé bí ẹni kan nínú mẹ́fà láyé ni àìrọ́mọbí ń bá fínra nígbà kan láyé wọn. Ẹ ò ní rí abúlé tí kò sí. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí oṣù méjìlá bá pé tí tọkọtaya wà pọ̀ tí oyún kò dé, ẹ má bi ìyàwó pé ta ló ṣẹ̀. Ẹ bi àwọn méjèèjì pé, ọjọ́ wo la máa lọ ṣe àyẹ̀wò? Ẹ̀yin ìyàwó, bí ẹ bá sun ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ, bó tilẹ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà nìyí: "Mo sun ẹ̀jẹ̀ nígbà tí mo bímọ, omi ọyàn mi kò sì wá." Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè gbé yín dé ibi tí iṣẹ́ ti dúró kíá ju ìwé èsì mẹ́wàá lọ. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ sílé.